Oníṣègùn Ẹyẹ àti Ẹran Igbó: Ìgbé Ayé Dókítà Ràṣídátù Àbẹ̀kẹ́ Ọládipúpọ̀ (1957–2025)

Ìbà ni wọ́n bí Dókítà Ràṣídátù Àbẹ̀kẹ́ Ọládipúpọ̀ sí, ní agboolé Rájí, ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, ọdún 1957. Àwórì pọ́ńbélé ni wọ́n, níhà bàbá àti níhà ìyá. Bàbá wọn ni Olóògbé Rájí Àlàbá, ọdẹ tó ń dẹ pàkúté káàkiri igbó Ìbà, tó sì ń dẹ àwọ̀n sínú ọ̀sà lásìkò tí ẹran bá wọ́n. Ìyá wọn ni Olóògbé Sàdíátù, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀jọ́, tó ń fi koríko etí omi hun ẹní. Nínú ọmọ márùn-ún tí Ọlọ́hun fi ta àwọn méjèèjì lọ́rẹ, Ràṣídátù ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ Máruwá du ọ̀nà kí ẹ tó dé ibí lónìí lè má gbà gbọ́ pé omi àti igbó ló yí agboolé yìí ká nígbà náà. Ẹyẹ ni aago àwọn ọmọdé. Bí lékèélékèé bá ti ń wọ́ lọ sórí igi etí àbàtà, olúkúlùkù ìyá á mọ̀ pé ó tó àkókò láti dáná. Nígbà tí Dókítà dàgbà, ohun tí wọ́n máa ń sọ jù lọ nípa ìgbà èwe wọn kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe eré òṣùpá. Ìró ìyẹ́ àwọn ẹyẹ wọ̀nyẹn ni. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá gbọn aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ní àárò rẹ̀ kò yéé sọ àwọn.

Ní ọdún 1966, bàbá wọn gbé ẹtu kan bọ̀ láàyè láti inú igbó. Pàkúté ti ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ iwájú. Bàbá so ó mọ́ ìdí igi òroǹbó lẹ́yìnkùlé, kó wà níbẹ̀ títí àlejò yóò fi dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ràṣídátù. Wọ́n mú nínú koríko ẹní ìyá wọn, wọ́n fi ọ̀pá ọparun méjì há ẹsẹ̀ ẹran náà láàárín, wọ́n sì dì í bí wọ́n ṣe rí i tí àwọn àgbà ń ṣe fún ènìyàn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ń já ewé lọ fún un. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ẹtu náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àlejò dé láti Àgbádárìgì. Nígbà tí Ràṣídátù ti ilé-ìwé dé, okùn nìkan ni wọ́n bá nídìí igi òroǹbó.

Wọn kò fẹnu kan ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Alájì Àyìndé, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, tó wà lára àwọn tó pa ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí pọ̀, rántí pé àbúrò àwọn kò sunkún, kò sì bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi bàbá wọn níbi tí bàbá ti ń fọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ: “Bàbá, ṣé ẹ ò rí i pé ó ti ń rìn ni?” Láti ọjọ́ náà, Bàbá kì í gbé ẹran láàyè wọ agboolé mọ́.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbà ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́fà; ilé-kéú ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti kọ́ Kùráánì, wọ́n sì ṣe wọ́límọ̀ ní 1970. Àgbádárìgì ni wọ́n ti ka ìwé girama, wọ́n jáde ní 1975, wọ́n sì ṣe tíṣà ní Ọ̀jọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ní 1978 ni Yunifásítì ní Ìbàdàn gbà wọ́n láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹran. Obìnrin mẹ́rin péré ló wà nínú kíláàsì wọn. Bàbá Rájí kò rí orí, kò rí ìdí ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n bi ọmọ wọn léèrè ohun tí dókítà ń wá lórí ẹran tí a ó pa jẹ. Ìyá ni kò béèrè ohunkóhun. Ẹní tí Ìyá Sàdíátù hun láti fi san owó ẹ̀kọ́ wọn láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, bí a bá tẹ́ ẹ síra, yóò ti Ìbà dé Ọ̀jọ́, yóò sì ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn tí wọ́n gboyè ní 1984, wọ́n sin ilẹ̀ bàbá wọn ní Bauchi fún ọdún kan. Nígbà tí wọ́n padà dé, iṣẹ́ ìjọba gbé wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ń yẹ ẹran wò níbẹ̀ láràárọ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Tọkàntọkàn ni wọ́n ṣe é, nítorí ìlera àwọn tó ń jẹ ẹran náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ pé dókítà tí gbogbo aláìsàn rẹ̀ ń kú kí oòrùn tó kan àtàrí ni àwọn.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ni wọ́n wà ní 1986 nígbà tí ọmọ ogun ojú omi kan, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ní Navy Town, gbé ọ̀bọ wá bá wọn ní ọ́fíìsì. Àwọn kan nínú bárékè ti so okùn mọ́ ọ̀bọ náà ní ìbàdí láti kékeré. Ọ̀bọ dàgbà, okùn kò dàgbà, ó sì ti wọ inú ẹran ara lọ. Ọmọ Ìlaròó ni ọkùnrin náà, ọmọ ìjọ Kérúbù. Adélékè Ọládipúpọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Dókítà ní àwọn lè yọ okùn náà, bí ẹni tó gbé e wá bá lè máa wá dì í mú nígbàkúùgbà tí àwọn bá fẹ́ fọ egbò. Ojoojúmọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Adélékè ń wá fún oṣù kan gbáko. Egbò jiná, wọ́n tú ọ̀bọ sílẹ̀ sínú igbó, Ọ̀gbẹ́ni Adélékè kò yéé wá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn jẹ́ kí agboolé méjèèjì kọ́kọ́ fajúro, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní kọ́ọ̀tù. Ìyàwó ń lọ sí Jímọ̀, ọkọ ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi, a kò sì gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan dá ẹnì kejì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Ọmọlará, Fikáyọ̀ àti Ìyìnolúwa.

Ní 1993, Dókítà fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n sì ṣí Ilé-ìwòsàn Ẹran Ìtura sí Òkokomáíkò, ní ojú ọ̀nà tó wọ Ìbà. Yàrá mẹ́ta ni ilé náà. Yàrá iwájú wà fún ajá, ewúrẹ́, adìẹ, àti ológbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ti àárín ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ti ẹ̀yìn, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àbàtà, jẹ́ ti ẹran igbó. Ohun tí ajá àti ewúrẹ́ bá mú wọlé níwájú ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ti ẹ̀yìn, nítorí ẹran ilé ní ẹni tó ni ín, ẹran igbó kò ní ju Ọlọ́hun lọ. Bàbá Adélékè fi páìpù àti wáyà àlòkù kan gbogbo kéèjì ibẹ̀ fúnra wọn.

Awọ́nrínwọ́n tí mọ́tò gbá ní títì márosẹ̀ wá síbẹ̀. Àtíòro tí wọ́n ta lókùúta wá síbẹ̀. Erè tí wọ́n bá lórí àjà ilé ní Àjàngbàdì, tí wọ́n ti ṣá ládàá kí ẹnì kan tó rántí Dókítà, ó wá síbẹ̀, ó sì tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tí kò ní lọ, gẹ́gẹ́ bí Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pe Dókítà, ṣe máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọn kò fún ọ̀kankan nínú wọn lórúkọ. Wọ́n ní ohun tí a bá sọ lórúkọ la ó máa pè, ohun tí a bá sì ń pè la ó fẹ́ kó padà wá. Ìṣègùn tiwọn, bó bá pé, aláìsàn kì í padà wá kí dókítà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ wọn. Nítorí òwìwí tí wọ́n ń tọ́jú, àwọn aládùúgbò sọ wọ́n ní Ìyá Òwìwí, kì í sì í ṣe oríkì. Àwọn kan ń gba òdìkejì títì kọjá kí òjìji ilé náà má baà kàn wọ́n. Màmá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní 2001, nígbà tí ajá dìgbòlugi bu ènìyàn jẹ ní Àjàngbàdì, àwọn ni wọ́n gbé àpótí yìnyín lé èjìká láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń fún ajá gbogbo àdúgbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Munirat, ọmọ iṣẹ́ wọn láti 1999, ló ń di ẹnu ajá mú. Wọn kò fo ilé àwọn tó ń gba òdìkejì títì. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é láti ìgbà náà ní Ìbà, ní Ọ̀jọ́ àti ní Òkokomáíkò, títí Ìyá Òwìwí fi di orúkọ tí wọ́n fi ń kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ kí ẹbí padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ọdún 1995. Ọjọ́ ogbó ti tẹ ẹ̀yìn Bàbá Rájí ba nígbà náà, wọn kò sì tíì wọ ilé-ìwòsàn ọmọ wọn rí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gun ọ̀kadà láti Ìbà wá sí Òkokomáíkò pẹ̀lú ẹyẹ àkọ̀ kan tí wọ́n fi aṣọ ìbora wé mọ́ àyà. Àwọ̀n apẹja ti gé ẹyẹ náà lẹ́sẹ̀ dé egungun. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó gbé ajá wá, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni lọ pe ọmọ wọn jáde. Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé ẹyẹ náà sórí tábìlì.

“Dókítà,” ni Bàbá wí, “mo gbé aláìsàn wá.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bàbá di ẹyẹ náà mú, ọmọ wọn rán ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹtu. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Bàbá tún gun ọ̀kadà wá láti wo bí àkọ̀ náà yóò ṣe fò. Nígbà tí ọdún yípo, Bàbá Rájí jáde láyé. Dókítà sọ fún ọkọ wọn pé ọ̀rọ̀ tí bàbá àwọn kò lè fẹnu sọ, àkọ̀ ni wọ́n fi rán.

Ibi tí ìtàn yìí dé yìí, ẹbí Rájí ní ẹ̀bi tiwọn láti jẹ́wọ́. Ní 2011, àwọn ọmọ Bàbá pàdé lórí ilẹ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀ ní etí àbàtà. Àwọn akọ́lé fẹ́ rà á, wọn yóò fi yanrìn dí omi. Gbogbo ẹbí gbà, àfi Màmá. Alájì Àyìndé, tó jẹ́ àkọ́bí, sọ pé, “Àbẹ̀kẹ́, igbó kì í ṣe ogún. Ilé ni ogún.” Màmá kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tà. Ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ta tiyín. Ẹ jẹ́ kí tèmi ṣì máa jẹ́ igbó.” Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n gé ìpín tó burú jù fún wọn, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ́lé sí. Yanrìn dé, àbàtà lọ. Lékèélékèé tó ṣẹ́kù wá igi mìíràn lọ. Ilé yọ yí igbó kékeré náà ká, ọ̀kan nínú wọn sì ni ilé alájà kan tí Alájì Àyìndé kọ́. Ọdún márùn-ún ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò fi gbé nítòsí ara wọn láìsọ ju “Ẹ kú ọdún” lọ nígbà Iléyá.

Láàárín àkókò yìí kan náà ni Ọmọlará lọ. Òun ni àkọ́bí wọn, òun ló tẹ̀lé wọn sídìí iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ egungun apá ẹyẹ í tò ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Ní 2013, ó rí iṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú erin tó fara gbọgbẹ́. Màmá sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, wọ́n padà sí Òkokomáíkò, wọ́n sì jókòó sí yàrá ẹ̀yìn láti ọ̀sán títí di àkókò Mọ̀gàríbì, báàgì lọ́wọ́, bàtà lẹ́sẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ di ọjọ́ ìpè. Ọmọlará á sọ nípa erin, Màmá á béèrè ohun tí erin jẹ, bóyá egbò ń gbẹ, bóyá ó ń sùn dáadáa. Nígbà kan, Bàbá Adélékè bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kì í fi í béèrè ìgbà tí ọmọ náà yóò wálé. Màmá gbé fóònù sílẹ̀. “Bàbá Ọmọlará,” ni wọ́n wí, “nígbà tí mo ń béèrè bóyá erin ń sùn, kí lẹ rò pé mò ń béèrè?”

Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, Munirat rí àpò kan tó ń mira lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́ létí títì márosẹ̀. Akika ló wà nínú rẹ̀, ẹran oníìpẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Wáyà pàkúté ti jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà gbé e sílẹ̀, ó kọ̀. Munirat lọ pe Màmá. Màmá dé, wọ́n kí i, wọ́n sì jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Oníbàárà tó bá ti dúró, Màmá á rọra ṣàlàyé òfin àti àìsàn tó lè ti ara irú ẹran bẹ́ẹ̀ ran ènìyàn, oníbàárà á sì máa lọ. Láti Súùrì títí di Áṣárì ni. Ọkùnrin náà ní, “Màmá, ẹ ń lé oníbàárà mi.” Màmá ní àwọn mọ̀. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó gbé àpò náà lé wọn lẹ́sẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ, kó lè rí ọjà tà.

Wàhálà akika kì í ṣe egbò. Oúnjẹ ni. Kì í jẹ ohun tí a bá bù sínú àwo. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá èèrà àti ikán nínú ògán, bí kò bá sì rí i, á kú sọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ tó yí ilé-ìwòsàn ká ti di kọnkéré, wọ́n sì ti fín oògùn apakòkòrò sí ibi tó kù. Ibì kan ṣoṣo ló ṣì ní ògán: ìpín igbó tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọdún 2011.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, bẹ̀rẹ̀ sí í mú akika rìn. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wọ bàtà òjò, wọ́n á gbé e lọ sí igbó náà nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá, láìsọ̀rọ̀, títí yóò fi yó. Bàbá Adélékè, tó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ń gbé àga kékeré tẹ̀ lé àwọn méjèèjì. Bàbá ní àwọn ti tẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, wọn kò mọ̀ pé akika ni àwọn yóò fi parí ẹ̀.

Láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé wọn, Alájì Àyìndé ń wò wọ́n lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wọ inú igbó náà pẹ̀lú sálúbàtà ilé, wọ́n sì dúró lẹ́yìn àbúrò wọn.

“Àbẹ̀kẹ́, kí ló ń jẹ?”

“Ikán ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Alájì tún wò ó títí. “Bàbá máa ń gbé irú èyí wálé,” ni wọ́n wí. “Mi ò rí i rí kó máa rìn.”

Màmá sún, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn lójú ọ̀nà tóóró náà. Láti ọjọ́ kejì, ènìyàn mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé akika. Ní 2017, Alájì Àyìndé fúnra wọn ló ṣáájú ẹbí lọ sọ́dọ̀ lọ́yà láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò ní ta igbó náà láéláé. Ó wà níbẹ̀ títí dòní.

Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin ni akika lò. Igbó Ìbà kéré jù fún un láti gbé, nítorí náà wọ́n gbé e lọ sí igbó ọba kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì tú u sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ó rìn lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá Adélékè bá wọn lórí àkàsọ̀ ẹ̀yìnkùlé, bàtà òjò kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Wọ́n wo ojú ọkọ wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú wọn. “Ẹsẹ̀ mi ni kò tíì gbọ́ pé ó ti lọ,” ni wọ́n wí. Bàbá jókòó tì wọ́n. Bàbá mọ̀ pé kì í ṣe ti akika nìkan.

Nínú ẹ̀sìn, Dókítà dúró ṣinṣin. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 2018. Olùdarí ni wọ́n fún ẹgbẹ́ Àṣàlátù àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí Ìbà fún ọdún mẹ́wàá, kò sì sí Ràmádáánì tí wọn kì í pín oúnjẹ ìṣínu fún àwọn ọlọ́kadà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn. Bísímílláì ni wọ́n máa ń sọ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn kéèjì èyíkéyìí.

Ní 2022, àìsàn kíndìnrín dé. Wọ́n ń ti orí àga ṣiṣẹ́, Munirat sì di ọwọ́ wọn. Wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún Ọmọlará bó ṣe le tó. Wọ́n ní ẹni tí a bá ti tú sílẹ̀, a kì í fi igbe fà á padà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù Jánúárì ọdún 2025, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, Dókítà Ràṣídátù Àbẹ̀kẹ́ Ọládipúpọ̀ jáde láyé ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. A sin wọ́n ní ìlànà ẹ̀sìn kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni Ọmọlará dé. Ó kúnlẹ̀ níbi sàréè, ó dìde, ó bi bàbá rẹ̀ léèrè ìdí tí wọn kò fi pe òun. Bàbá ní ìyá rẹ̀ ni kò gbà. Kò bá wọn jiyàn. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ sí ilé-ìwòsàn.

Àwòdì kan ló wà nínú kéèjì kẹta ní yàrá ẹ̀yìn. Ọjọ́ kejì oṣù Jánúárì ni Màmá di apá rẹ̀ tó ṣẹ́, lórí àga, tí Munirat ń dì í mú. Òun ni aláìsàn ìkẹyìn. Ọmọlará fi ọjọ́ márùn-ún wò ó, kò sì fọwọ́ kan báńdéèjì náà. Ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ikú Màmá, lẹ́yìn àdúà, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé egungun ti so, pé bí báńdéèjì bá pẹ́ jù, apá yóò le, ẹyẹ kò sì ní lè fò mọ́. Bàbá Adélékè béèrè bóyá kò lè dúró di ọjọ́ ogójì. “Bàbá mi,” ni Ọmọlará wí, “Màmá ì bá ti gé e láàárọ̀ àná.” Bàbá di ẹyẹ náà mú, bí wọ́n ṣe di ọ̀bọ mú ní ogójì ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọlará gé e. Kókó tí ìyá rẹ̀ ta sí ìdí apá, kò gé e, ó fi ọwọ́ tú u ni. Bàbá ká báńdéèjì náà, wọ́n fi sínú àpò ẹ̀wù wọn, ibẹ̀ ló sì wà bí wọ́n ṣe jókòó láàárín yín lónìí.

Dókítà Ràṣídátù fi ọkọ sílẹ̀ sáyé, Bàbá Adélékè Ọládipúpọ̀, ọmọ mẹ́ta: Dókítà Ọmọlará, tó ti kọ̀wé sí Kẹ́ńyà pé òun kò padà mọ́, Fikáyọ̀, tó ń ta ohun èlò iná ní ọjà Àlàbá, àti Ìyìnolúwa, olùkọ́ ní Ọ̀jọ́, ọmọ-ọmọ mẹ́rin: Moṣọpẹ́, Ìṣẹ́gun, Bùsọ́lá àti Ṣemílọ́rẹ, ẹ̀gbọ́n, Alájì Àyìndé Rájí, àbúrò méjì, àti Munirat, tí wọn kò bí, tí wọ́n sì tọ́.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ ogójì yìí, ẹbí rọ ẹ̀yin tí àyè bá gbà láti bá wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé-ìwòsàn ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àwòdì náà yóò lọ lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa fóònù yín, ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má sì pariwo bó bá kọ́kọ́ bà sórí òrùlé. Ẹ jẹ́ kó sinmi níbẹ̀. Yóò lọ nígbà tó bá yá a.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Rájí ọmọ Àwórì, ìyá Ọmọlará, ìyá àwọn tí kò lè fẹnu sọ ibi tó ń dùn wọ́n: Ọlọ́hun tó dá ìyẹ́, tó dá ìpẹ́, kó fi Aljánnà onídẹ̀ra ṣe ilé yín. Ilé kún lẹ́yìn yín, àárò yín ò jẹ́ kó dà bíi pé ó kún. Ẹ sùn re o, Dókítà.